Ẹyin Tí Concepta Fi Ránṣẹ́

Nínú ilé wa, a kì í jẹ ẹyin mọ́. Bí àlejò bá kó ẹyin wá, Attracta ìyàwó mi yóò gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín, àlejò náà kò sì ní tíì jìnnà kí n tó kó gbogbo rẹ̀ dà sínú odò. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹ bá fẹ́. Èmi Donal, ọkùnrin tó ń tún katakata ṣe, tó ń sá fún ẹyin adìyẹ! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná.

Nọ́ọ̀sì tó ń ti ilé dé ilé ni Attracta ní àfonífojì Glenavoe yìí. Àwọn tí àìsàn ti bá gbé pẹ́, tí àìsàn ti di ara ilé lọ́dọ̀ wọn, ni ó ń tọ́jú. Ó ń yí wọn padà lórí ibùsùn kí egbò má baà dá sí wọn lẹ́yìn, ó ń fi omi tútù pa ètè wọn, ó sì lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó fi etí lásán mọ̀ bóyá aláìsàn sùn dáadáa. Méjì nínú wọn ló sún mọ́ ọkàn rẹ̀ jù lọ.

Ọ̀kan ni Malachy Tuohy, àgbà olùtọ́jú àgùntàn. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń gan bí awọ tí oòrùn pa, ẹ̀rọ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ tó ń gba inú rọ́bà tín-ínrín fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ Ọlọ́run fún: kí òun gbé ọmọ tó wà nínú Sorcha, ọmọbìnrin òun kan ṣoṣo, lọ́wọ́ kí òun tó lọ. Ìgbà Àjíǹde ni wọ́n ń retí ọmọ náà.

Èkejì ni Ruairí Lavelle, ọmọ ogún ọdún, ní òdìkejì odò. Àtìgbà tí wọ́n ti bí i ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ líle ti ń dí i láyà. Attracta ló ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà lè jáde, tí yóò sì fi ike gbà á. Concepta, ìyá rẹ̀, opó ni. Ó ti sin Gráinne, ọmọ rẹ̀ àgbà, tí àìsàn yìí kan náà pa.

Bí Attracta bá ti kúrò lọ́dọ̀ Ruairí, afárá ló máa ń gbà lọ sọ́dọ̀ Malachy. Gbogbo ayé ló mọ ọ̀nà rẹ̀.

*

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní, ìkúukùu bo òkè débi pé a ò rí ilé ara wa. Attracta ti wọ mọ́tò níwájú ilé Ruairí nígbà tí Concepta kan gíláàsì rẹ̀.

"Attracta, dákun, bá mi kó ẹyin yìí fún Malachy. Adìyẹ mi ń yé bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn díje."

"Nínú òtútù yìí? Àwọn tèmi ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yé e."

"Tèmi ò gbàgbé o. Sọ fún un pé kó jẹ ẹ́. Kó má kàn gbé e kalẹ̀ bí ère."

Attracta rẹ́rìn-ín, ó kó ẹyin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọ́n gbóná, pé gbígbóná wọn kò jọ ti abẹ́ adìyẹ, pé ó jọ ti iwájú orí ẹni tí ibà ń ṣe. Nígbà yẹn kò kà á sí.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Malachy, fèrèsé yàrá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìkúukùu ti wọlé, ó ń rákò lórí aṣọ ìbora. Ẹyẹ kékeré aláyà pupa kan bà lórí ẹ̀rọ atẹ́gùn, ó ń wo ọkùnrin náà.

"Sorcha! Ta ló ṣí fèrèsé bàbá rẹ?"

Sorcha ti ilé ìdáná wá, ó fọwọ́ ti ikùn. "Fèrèsé wo? Mo ti i pa láàárọ̀, nọ́ọ̀sì. Mo fi ìkọ́ irin há a."

"Má lé ẹyẹ yẹn," Malachy wí láàárín èémí. "Òun nìkan ni kò tíì bi mí pé báwo ni ara mi lónìí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, nítorí irú ẹyẹ yẹn kì í wọ yàrá aláìsàn láìmú ikú dání. Níbi tiwa, nígbà tí aláìsàn bá mí èémí ìkẹyìn, nọ́ọ̀sì ló máa ń ṣí fèrèsé kí ẹ̀mí rẹ̀ lè rí ọ̀nà bá lọ. Àní ní ọsibítù ńlá tó kún fún ẹ̀rọ, wọ́n ń ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí i fún ẹni tó ṣì ń mí, ó ń pe ẹni náà ni.

Attracta lé ẹyẹ náà jáde, ó ti fèrèsé, ó fi ìkọ́ há a, ó sì tẹ̀ ẹ́ kó lè dá a lójú. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà àbájáde nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀: ìkọ́ irin náà yọ, ó sì dún kó bí ó ti kọlu ògiri.

*

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Concepta yìí, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí, ó jókòó nínú ilé ìdáná wa, tíì rẹ̀ tutù níwájú rẹ̀, ó sì rò ó títí dé òpin.

Ìyá ìyá rẹ̀ wà lára àwọn obìnrin tí àwọn àgbà ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dárúkọ. Wọn a fi ẹyin pamọ́ sínú koríko aládùúgbò, bọ́tà aládùúgbò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sínú ìkòkò tiwọn. Concepta kò wá bọ́tà. Èémí ló ń wá.

Nígbà tí Ruairí bá sùn, yóò gbé ẹyin lé e láyà, níbi tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti ń hó kùrùkùrù. Yóò sọ ohun tó ń sọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún wa, àwa náà ò sì béèrè. Bó bá gbé ẹyin náà kúrò, á ti wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà là ojú. "Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń gbàdúrà fún ọ. Sùn."

"Àdúrà yín mà tutù o," Ruairí wí, oorun sì tún gbé e lọ.

Mo bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ Malachy. Ó ní ọkùnrin náà ti dàgbà, àìsàn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán, kí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹnì kan máa gbà? Báyìí ni ẹ̀rù ṣe ń kọ́ ìyá ní ìṣirò. Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

*

Kí oṣù náà tó parí, Ruairí ti ń rìn. Ó ń jẹun, ó ń súfèé, ó ń bá Attracta ṣàwàdà pé ọwọ́ rẹ̀ le bí ti alágbẹ̀dẹ. Inú dókítà dùn, ó ní oògùn tuntun ló ń ṣiṣẹ́. Bóyá òun ni, bóyá òun kọ́.

Malachy ní tirẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Attracta yí ẹ̀rọ atẹ́gùn sókè títí kò fi sí ibi tí yóò yí i dé mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá kó ẹyin wọlé, yóò bá fèrèsé ní ṣíṣí.

Ní ọjọ́ kan, ó ń yí Malachy padà láti fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan ohun gbígbóná kan lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹyin ni.

Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ pe Sorcha sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ṣé ìwọ lo fi èyí síbẹ̀?"

Ojú Sorcha funfun. "Ó tún ti débẹ̀? Nọ́ọ̀sì, inú abọ́ lórí tábìlì ni mo máa ń kó wọn sí. Wọn kì í dúró. Mo rí ọ̀kan nínú bàtà Dádì. Mo rí ọ̀kan nínú ibùsùn tí a rà fún ọmọ."

"Ṣé o jẹ nínú wọn?"

"Rárá, òórùn ẹyin ń rìn mí láti ìgbà tí mo ti lóyún. Mo rò pé orí mi ló fẹ́ dàrú, ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ ọ́."

"Orí rẹ pé," Attracta wí. Ó gbé ẹyin náà lọ sí ibi ìfọwọ́, ó sì fọ́ ọ.

Kò sí funfun, kò sí pupa. Ohun tó jáde ki, ó dúdú bí ewé, ó sì ń fà. Òórùn rẹ̀ dùn lọ́nà kan tó ń dí ènìyàn lọ́fun. Attracta ti ń gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Ruairí sínú ike láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní jòjòló. Nọ́ọ̀sì mọ òórùn aláìsàn rẹ̀ bí ìyá ṣe mọ ẹkún ọmọ rẹ̀.

Ó wa mọ́tò délé, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo lọ bá a níta.

"Donal, ọwọ́ mi yìí ni," ó wí. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Ọwọ́ tí mo fi ń wẹ Malachy ni mo fi ń kó àìsàn Ruairí lọ bá a."

"Jẹ́ ká lọ bá Jamesy."

Ọjọ́ pẹ́ tí ìyàwó mi ti ń fi èmi àti Jamesy, oníṣègùn ìbílẹ̀ yìí, ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó kàn sún sí àga kejì kí n lè wa mọ́tò.

*

Jamesy Gaughan ni ọmọkùnrin keje nínú ọmọkùnrin méje tí obìnrin kankan kò là láàárín, bàbá rẹ̀ sì rí bẹ́ẹ̀. Níbi tiwa, ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wòsàn; àyà ni ìwòsàn tirẹ̀. Àwọn aya dókítà pàápàá máa ń gbé ọmọ wọn lọ bá a, wọn a sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Kò ní ká jókòó. "O pẹ́ kí o tó dé, nọ́ọ̀sì. Mo ti ń wo mọ́tò rẹ bó ṣe ń gba afárá kọjá. Ó máa ń wúwo ní àlọ, ó máa ń fúyẹ́ ní àbọ̀."

"Ṣé ẹ lè lé e?"

"Mo lè lé e. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ kì í sọnù. Ilé tó ti wá ló máa padà sí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"O ò gbọ́. Síbẹ̀ náà, màá wá." Ó nu imú rẹ̀. "Ọ̀la ni ọjọ́ Brigid Mímọ́ máa wọlé. Kí ọmọbìnrin Malachy tẹ́ aṣọ sórí igi níta kí ìrì ìwòsàn ọjọ́ náà sẹ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má fún mi ní nǹkan kan. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúpẹ́. Bí ẹ bá fi lè dúpẹ́, iṣẹ́ mi bàjẹ́ nìyẹn, n kò sì lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì."

Ẹ jẹ́ kó yé yín bí ìyẹn ti le tó fún wa. Àwa ará ibí, ọpẹ́ kì í wọ́n lẹ́nu wa. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, a máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. A máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó ń bá wa wí. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Jamesy, ẹni tó bá moore, kó pa ẹnu mọ́.

*

Jamesy dé ilé Malachy lọ́jọ́ Brigid, bí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó gba aṣọ tútù náà lọ́wọ́ Sorcha, ó tẹ́ ẹ sí àyà Malachy, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ètè rẹ̀ ń mì, a ò gbọ́ ohun kan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, irun ọrùn mi dìde.

Ní ilé ìdáná, ẹyin tó wà nínú abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ọ̀kan sán, òmíràn sán, títí gbogbo wọn fi fọ́. Mo lọ wò wọ́n: òfìfo ni wọ́n. Nígbà tí mo padà, mo rí ẹyẹ aláyà pupa náà lójú fèrèsé níta. Ó wò wá díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó fò kọjá odò.

Malachy fa èémí kan. Ó wọlé dé ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Ó wo gbogbo wa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ṣé kò sí tíì nínú ilé yìí ni?"

Omi bọ́ lójú Sorcha, ó kọjú sí Jamesy, ó ya ẹnu. Attracta tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ tagbára tagbára. Ọ̀rọ̀ náà yí padà di "Yéè!" lẹ́nu rẹ̀. Jamesy fi fìlà dé orí, ó jáde láìwẹ̀yìn.

*

Lọ́jọ́ kejì, Attracta rí i láti orí afárá pé fèrèsé Ruairí ṣí sílẹ̀.

Concepta ló bá níbẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì ti fèrèsé náà, tí fèrèsé náà sì ń tì í padà. Ẹyẹ náà wà ní ìgbèrí ibùsùn. Ètè Ruairí ti di àwọ̀ aró, ojú rẹ̀ là, kò sì rí ẹnikẹ́ni.

"Ta ló dá a padà?" Concepta kígbe. "Attracta, ta ló dá a padà sí wa?"

"Ìwọ lo fi rán mi! Èmi lo sọ di alárù rẹ!"

"Ọmọ mi ni!"

"Malachy náà ní ọmọ."

Bí wọ́n ti ń pariwo, ọwọ́ Attracta kò dúró. Ó gbé Ruairí dìde, ó gbá a lẹ́yìn, ó yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Dókítà dé, ó tẹ́tí sí àyà rẹ̀, ó ní gbígbé e lọ sí ọsibítù á pa á lójú ọ̀nà, pé kí wọ́n pe fada. Concepta wó lulẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyàwó mi mú.

"Èmi ni kí ó mú. Bá mi sọ fún un, ohunkóhun tó jẹ́, pé kó mú èmi."

Attracta rọra tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀. Ó fi dókítà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ náà, nítorí aláìsàn kan tún ń dúró dè é. Ó sọ fún mi pé orí afárá yẹn ni ẹ̀rù ti bà á jù láyé rẹ̀. Ibi yòówù tó bá lọ, ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ti pa ẹnì kan.

*

Malachy jókòó sórí ibùsùn, ara rẹ̀ ti le. "Kò sí ẹyin lónìí?"

"Kò sí."

"Báwo ni ọmọ Concepta?"

Attracta bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìrọ̀rí ṣe. "Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn kan fún èkejì."

"O ò tíì sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ ló ń sọ ọ́. Ìyá tèmi náà mọ̀ nípa ẹyin, nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí o ti kó o wọlé ni mo ti mọ̀. Mo ní kí n máa wò ó, pé ó máa sú u."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé o máa gbà mí gbọ́ ni?"

Ó wo fèrèsé pẹ́. "Ẹ̀rù ń bà mí o. Má rò pé kò bà mí. Mo fẹ́ gbé ọmọ Sorcha. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e, ọwọ́ wo ni màá fi gbé e? Ránṣẹ́ pe Jamesy. Sọ fún un pé mo fẹ́ kó wá wo bí ara mi ti le tó."

Kí Jamesy tó dé, ó ní kí Sorcha wá jókòó ti òun. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ọmọ náà ta á nípàá, Malachy sì rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹnu sún mọ́ ikùn náà, ó sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ó ní kí Sorcha fún Ruairí Lavelle ní ajá tí òun fi ń da àgùntàn, bí òun bá lọ, nítorí ẹsẹ̀ Ruairí máa gbé e gun òkè. Lẹ́yìn náà ó ní kó lọ po tíì.

Jamesy wọlé, ìrì ń kán lára rẹ̀. "Ó dára. Àwọ̀ rẹ ti padà."

Malachy yọ rọ́bà kúrò nímú. "Jamesy."

Jamesy wò ó lójú, ó sì yé e. "Malachy, má dán an wò!" Ó gbé ọwọ́ sókè láti di etí.

"Jamesy Gaughan, o ṣeun. O ṣeun gan-an ni."

Ìkọ́ fèrèsé yọ, ó dún kó.

"Òmùgọ̀," Jamesy wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Òmùgọ̀ ọkùnrin." Ó jáde, a gbọ́ tó ń sọ ọ́ lọ lójú ọ̀nà.

*

Attracta kán oògùn ìrọra sí Malachy lábẹ́ ahọ́n. Ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó pa ètè rẹ̀ pẹ̀lú omi. Sorcha di ọwọ́ rẹ̀ mú. Fèrèsé ń fẹ́ ṣí. Ohun kan ń tì í láti ìta, díẹ̀díẹ̀, láìdáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni atẹ́gùn kankan kò fẹ́. Attracta fi ẹ̀yìn tì í. Ó fi gbogbo ara dúró tì í, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó sì ń bá Malachy sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nípa àgùntàn rẹ̀, nítorí ó ti pinnu pé kò sóhun tó máa pe ọkùnrin yìí jáde. Tó bá yá a, kó lọ fúnra rẹ̀.

Malachy lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tó wà níta ṣíwọ́. Attracta yí padà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí fèrèsé náà.

Ní òdìkejì odò, Ruairí ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

*

Gbogbo àfonífojì ló wá ṣe àìsùn òkú. Pósí Malachy wà nínú pálọ̀, rosari wà lọ́wọ́ rẹ̀. Concepta wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú, Ruairí sì dúró níta nínú mọ́tò.

Sorcha dìde. "Ìyá Ruairí, Dádì ní kí n fún ọmọ yín ní ajá rẹ̀."

Concepta ò lè dáhùn. Ó súnmọ́ pósí, ó tẹ̀ ba. Ojú rẹ̀ kún fún omijé, ọkàn rẹ̀ ti dé ẹnu, ẹ sì mọ bí a ti tọ́ wa. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń ká jọ. "O ṣe..."

Níta, nínú mọ́tò, Ruairí wúkọ́.

Attracta ti àárín àwọn ènìyàn fò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu Concepta pa! Àdúrà dúró. Ife tíì dúró ní àárín ọ̀nà ẹnu. Wọ́n wo ara wọn lójú, obìnrin méjèèjì, ojú Concepta sì là bí ti ẹran tí wọ́n mú.

"Gbé e mì," ìyàwó mi wí sí i létí.

Ọ̀fun Concepta lọ sókè, ó lọ sílẹ̀. Níta, a kò gbọ́ ikọ́ mọ́.

Àwọn ará ìlú kò tíì dárí jì í. Wọ́n ní obìnrin náà gba ajá lẹ́bàá òkú, kò dúpẹ́. Sorcha pàápàá ń pè é ní abaraámóorejẹ, a kò sì lè sọ fún un, nítorí bó bá mọ̀, ta ló mọ irú ọpẹ́ tí yóò bá ẹnu rẹ̀ jáde tí yóò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lábẹ́ katakata kan nítòsí ilé Sorcha nígbà tí Concepta ń kọjá. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀. Ọmọ Sorcha, tó ti ń sáré kiri báyìí, he é, ó sì gbé e fún un. Ó dúró, ó gbójú sókè, ó ń retí ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ pé wọ́n máa ń sọ. Ojú Malachy gan-an ló wà lórí ọmọ náà.

Concepta fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Lórí òkè lọ́hùn-ún, Ruairí ń súfèé pe ajá, súfèé gígùn kan tí kò já.

Ọmọ náà sá wọlé. "Mọ́mì! Obìnrin yẹn ò dúpẹ́!"